Sẹ́ẹ̀lì Keje Ló Ń Pariwo, Ìkọkànlá Lọ̀rọ̀ Wà

Kí n tó dé ni wọ́n ti ṣí ìdérí àpótí bátìrì náà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló tò sínú rẹ̀, onígun mẹ́rin, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú èyí tí wọ́n ń fi lithium, irin àti phosphate ṣe ni, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LFP. Ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2, tí ẹ bá so mẹ́rìndínlógún pọ̀, ó di fóòtì 51.2. Kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ wà níta lábẹ́ páànù, awakọ̀ tó ni ín sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò gbójú kúrò lára àpótí náà.

Ẹjọ́ tó gbé wá kò gùn. Tó bá ti gbé èrò mẹ́ta ní Bẹẹrẹ, tó doríkọ Òkè Mápó, bó bá ti yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin níbi tí òkè ti le, kẹ̀kẹ́ á kú lójijì. Àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Òun á pa á, á tún tàn án, kẹ̀kẹ́ á sì jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Dáṣíbọ́ọ̀dù á ní bátìrì ṣì ku 63 nínú 100. Ó ti pààrọ̀ kọntirólà, ó ti pààrọ̀ wáyà ńlá tó lọ sídìí mọ́tọ̀ tó ń yí ẹsẹ̀, owó ti lọ, àìsàn ò lọ.

Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì, Àǹtí ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń pè é. Bàbá àgbà kan tó ti ń ṣe rewáyà láti ayé Peugeot 504 ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àǹtí ń kúnlẹ̀ kí Bàbá láàárọ̀, Bàbá sì ń pe Àǹtí ní “Ẹnjiníà mi”, kò sì sẹ́ni tó ń jáwọ́ nínú àríyànjiyàn fún ẹnì kejì. Àǹtí sọ fún mi pé iṣẹ́ bátìrì kẹ̀kẹ́ ń wọlé sí i láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

“Ẹ má fọwọ́ kan bàbà yẹn o,” ni Bàbá kígbe sí mi. Fóòtì 51 lè má gbé èèyàn ṣubú bí iná NEPA ṣe ń ṣe, àmọ́ bí irin kan bá já lé orí méjèèjì, ó lè yọ́ lójú ẹsẹ̀. Òrùka ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n bọ́.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ oríṣiríṣi, jáde láti ara bàbà wọ̀nyẹn lọ sínú bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń ṣọ́ bátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní BMS. Àǹtí ní kí n kà wọ́n. Mẹ́tàdínlógún ni. “Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, wáyà mẹ́tàdínlógún,” ni ó wí. “Ọ̀kan wà nídìí pátápátá, ọ̀kan wà lórí pátápátá, gbogbo èyí tó kù wà láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń lò ó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.”

Iṣẹ́ wáyà yẹn ni láti gbé fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí wọn yóò ti kà á. Kò gbé agbára kankan fún ọkọ̀. Síbẹ̀, ohun tó bá sọ ni ọkọ̀ máa gbà gbọ́: òun ló ń sọ ìgbà tí ṣáájì kún, òun ló ń sọ ìgbà tó tán, òun ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gé iná kí sẹ́ẹ̀lì má baà bàjẹ́ tàbí kó gbiná.

Àǹtí àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe bọ́ọ̀dù tiwọn, èyí tí wọ́n so mọ́ wáyà kan náà tí BMS tó bá kẹ̀kẹ́ wá ń lò. Ṣíìpù LTC6813, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Analog Devices ti Amẹ́ríkà, ló wà láàárín rẹ̀. Ó lè ka sẹ́ẹ̀lì méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan, ìṣísẹ̀ tó kéré jù tó lè kà sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún fóòtì kan. Mo bi í pé kí ni ọkọ̀ ń fi irú ìwọ̀n tó kéré tó báyìí ṣe.

Ó fa ìwé kan jáde, ó ya ìlà kan sórí rẹ̀. Ìlà náà ga díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ títí, kó tó já wálẹ̀ ní ìparí. Bí fóltéèjì LFP ṣe rí nìyẹn bó ṣe ń tán lọ. Nígbà tó bá kún fọ́fọ́ lẹ́nu ṣájà, ó lè tó 3.65, tó bá gbẹ pátápátá, 2.5. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wàhálà wà. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, láti ìgbà tó ku 60 nínú 100 títí dé ìgbà tó ku 40, ìyàtọ̀ fóltéèjì rẹ̀ lè má tó 40 mílífóòtì, ìyẹn ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan. Ẹni tó bá ṣi òǹkà kà pẹ̀lú mílífóòtì 20 níbẹ̀ ti lè ṣi ìdajì ìrìn àjò kà. Bátìrì inú fóònù àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi nickel ṣe kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti LFP ló le jù láti kà, òun náà sì ni àwọn kẹ̀kẹ́ wa ń lò, nítorí pé kò wọ́n tó tọ̀hún, ó ń pẹ́ láyé, kì í sì í tètè gbiná.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè lórí jáàkì, wọ́n so bátìrì padà. Nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń yí, òǹkà mẹ́rìndínlógún tò sójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn wà nítòsí 3.28, wọn ò mira. Ọmọ iṣẹ́ kan yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófìífo, gbogbo òǹkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń yí padà kíákíá débi pé ojú ò lè ká a.

Bàbá ti so ẹnu oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń mì, mọ́ sẹ́ẹ̀lì kan. Ojú ẹ̀rọ náà fi ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè fi hàn mí hàn: fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìlà tó gún, eyín ayùn ni, tí ó ń lọ sókè sódò nígbà tó lé ní 16,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọntirólà ló ń ṣe é. Kì í jẹ́ kí iná bátìrì ṣàn lọ sínú mọ́tọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣe ló ń tan án, tó ń pa á, tó ń tan án, tó ń pa á, tí ìwọ̀n ìgbà tí ó fi tàn sì ń pinnu bí ẹsẹ̀ ṣe máa sáré tó. Gbogbo títàn àti pípa yẹn ló ń padà wá sára sẹ́ẹ̀lì. Àwọn àdá kékeré gígùn tún wà lórí eyín ayùn náà, níbi tí wáyà ńlá ti ń tu ariwo sára wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé ibi tí asẹ́ máa wọlé nìyí, pé kọ̀ǹpútà yóò kàn sẹ́ ariwo kúrò. Àǹtí mi orí. Ó ní ohun kan wà tí asẹ́ inú kọ̀ǹpútà ò lè ṣe láéláé, ó sì fi ìṣirò hàn mí. Bí ariwo kan bá ń mì nígbà 16,003 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ sì ń wò ó nígbà mẹ́wàá péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ibi tí ẹ bá bá a yóò máa yí díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ ó sì rí ni ìgbì jẹ́jẹ́ tó ń mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìgbì yẹn ò sí níbì kankan. Àmọ́ ó jọ ìgbà tí awakọ̀ ń yí ọwọ́ sókè sódò dáadáa, kò sì sí ìṣirò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé. Harry Nyquist ti fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ ní ọdún 1928, Claude Shannon sì là á yé gbogbo ayé ní 1949: ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń mì gbọ́dọ̀ wò ó ju ìlọ́po méjì ìmì rẹ̀ lọ, tàbí kó pa ìmì tó yára jù kó tó wò ó.

Nítorí náà, asẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà rárá. Rẹsístọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan ni, tí wọ́n jó mọ́ ẹnu ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ti Àǹtí jẹ́ kílò-ohm kan àti nánófárádì 100. Ohun tó bá ń mì ju nǹkan bí 1,590 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, eyín ayùn ti kọntirólà sì ń dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bàbá ní kí wọ́n fi rẹsístọ̀ tó tóbi sí i, kó lè pa á pátápátá. Àǹtí ní rárá: ṣíìpù náà ń fa ìwọ̀nba kọ́rẹ́ǹtì nígbà tó bá ń kà, bó bá sì fa ìdá kan nínú mílíọ̀nù ámpìà kan gba inú kílò-ohm kan, mílífóòtì odidi kan ti ṣòfò nìyẹn. Wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dé, wọn ò sì parí rẹ̀ lójú mi.

Asẹ́ kejì wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀. Ẹ lè ní kó kà kíákíá, kó ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì láàárín nǹkan bí ìdá 2.3 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sì lè ní kó fara balẹ̀, kó lo nǹkan bí ìdá 201, kí ó má sì jẹ́ kí ohun tó bá ń mì ju ìgbà 26 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá yọ sínú òǹkà. Ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní BQ79616, ti ilé iṣẹ́ Texas Instruments, náà ní irú rẹ̀, tí èèyàn lè yàn láti 6.5 títí dé 600. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ńlá ló ń yan èyí tí wọ́n bá fẹ́ nílé iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ra ọkọ̀ ò ní mọ̀ láé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni asẹ́ tó jẹ́ ìṣirò lásán, èyí tí Àǹtí kọ sínú kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù. Ó jẹ́ kí n wo oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìpíndọ́gba: kó òǹkà mẹ́rìndínlógún tó kẹ́yìn jọ, pín in. Bí ariwo náà bá jẹ́ èyí tí kò létò, ó máa dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìkejì ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn jù nítorí pé kò gba àyè: ó di òǹkà àtijọ́ mú, bí tuntun bá dé, ó wo ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ó mú ìdá kékeré kan nínú ìyàtọ̀ náà, ó fi kún ti àtijọ́. Ìdá yẹn lè jẹ́ kan nínú mẹ́jọ, ó lè jẹ́ kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìkẹta ni ti àárín: to òǹkà márùn-ún láti èyí tó kéré dé èyí tó pọ̀, mú èyí tó bọ́ sáàárín, ju ìyókù nù. Èyí ló ń pa àdá òjijì tí ìpíndọ́gba kàn ń tẹ́ sára àwọn tó kù.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí aṣọ asẹ́ bá ṣe fún tó ni ògì ṣe ń kúnná tó, bẹ́ẹ̀ náà ni omi rẹ̀ á ṣe pẹ́ tó kó tó kán tán. Bí Àǹtí ṣe ń yí ìdá náà láti kan nínú mẹ́jọ lọ sí kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, òǹkà ojú kọ̀ǹpútà ń fara balẹ̀, ìlà rẹ̀ ń dán. Mo rí i pé nígbà tí ọmọ iṣẹ́ jáwọ́ lára kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ dúró, òǹkà ṣì ń rìn lọ síbi tó yẹ kó wà, ó ń lé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán.

Sẹ́ẹ̀lì keje nìkan ni kò gbọ́. Gbogbo wọn ti dákẹ́, òun ṣì ń fò láti 3.28 bọ́ sí 3.19, á tún padà. Gbogbo wa la yí i ká. Ọmọ iṣẹ́ kan ní sẹ́ẹ̀lì yẹn ti bàjẹ́, kí wọ́n yọ ọ́. Àǹtí tan asẹ́ ti àárín, sẹ́ẹ̀lì keje dákẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sì rò pé ó parí. Ó tún pa asẹ́ náà.

“Ẹ wo ìkẹjọ,” ni ó wí.

Ìkẹjọ náà ń fò, àmọ́ òkè ni tirẹ̀ ń fò sí. Nígbà tí ìkeje bá já sí 3.19, ìkẹjọ á gun 3.37. Àǹtí ní kí ọmọ iṣẹ́ ro méjèèjì pọ̀: 6.56. Wọ́n tún bọ́ sí 3.28 àti 3.28, ó rò ó: 6.56. Àpapọ̀ wọn ò mira rárá. Mo wá rántí wáyà tí sẹ́ẹ̀lì méjì jọ ń lò. Kò sóhun tó ṣe sẹ́ẹ̀lì keje, kò sóhun tó ṣe ìkẹjọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ohun tí ọ̀kan pàdánù lójú òǹkà, ẹnì kejì ló gbà á. Bàbá ti na ọwọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fi ìka méjì yí bóòtù orí wáyà náà, ó sì yí fẹ́ẹ́ láìlo sípánà. Wọ́n nu ojú irin, wọ́n fún un le, ariwo tán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé Àǹtí kọ̀ láti fi asẹ́ bo wáyà tí kò le mọ́lẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ yangàn, tí wọ́n á ní òǹkà àwọn mọ́ jọ̀lọ̀. Òǹkà tó mọ́ nítorí pé wọ́n ju ẹ̀rí nù burú ju èyí tó ń pariwo lọ, nítorí pé ẹni tó ń wò ó kò ní wá nǹkan kan mọ́.

Láàárín gbogbo ìyẹn, sẹ́ẹ̀lì kọkànlá wà níbẹ̀, ó fi mílífóòtì 15 rẹlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń yí lófìífo. Kò fò, kò jó. Kò sẹ́ni tó wo apá ibẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n dé àpótí padà, wọ́n gbé bọ́ọ̀dù Àǹtí sábẹ́ àga, a sì gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì la ṣe èrò. Àǹtí tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè, awakọ̀ náà wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì í mú o.” Ó yí ọwọ́ dé òpin. Kẹ̀kẹ́ gbé wa dáadáa, gbọ̀ngàn Mápó ti ń yọ lókè, ó sì kú lójijì bó ṣe máa ń kú. Dáṣíbọ́ọ̀dù padà tàn: 63.

Ẹ̀gbẹ́ títì náà ni Àǹtí ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ìlà méjì fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: èyí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kà nígbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí kò sẹ́, àti èyí tó ṣe gẹ́gẹ́ bí asẹ́ inú BMS tó bá kẹ̀kẹ́ wá. Ó ti fi ìdánwò mọ bí asẹ́ yẹn ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù: ó gbé fóltéèjì sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wo bó ṣe pẹ́ tó kí òǹkà BMS tó lé e bá. Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, nígbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá, ló bá ohun tó rí mu.

Ó na ìka sí sẹ́ẹ̀lì kọkànlá. Nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì gun 85 ámpìà lórí òkè, àwọn tó kù já láti 3.28 sí nǹkan bí 3.19. Ìkọkànlá já sí 2.77. BMS ti ní àṣẹ pé bí sẹ́ẹ̀lì kankan bá wà nísàlẹ̀ 2.8 fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kó gé iná, kò sì dúró de asẹ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé e. Àmọ́ ìlà kejì, ìlà tó ń lọ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù àti sójú ẹ̀rọ tí àwọn mẹ̀káníìkì fi ń wò ó, kò tíì rìn ju ìdá 27 nínú 100 ọ̀nà náà nígbà tí iná fi lọ. 3.14 ló fi hàn. Nígbà tí iná sì ti lọ, kò sí kọ́rẹ́ǹtì mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà padà sí 3.28 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìlà tó ń dán náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́yìn náà máa bá sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún tí ara wọn dá ṣáṣá. Ìdí tí ọkùnrin yìí fi ra kọntirólà tuntun nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí fi ohun tó tún burú sí i hàn mí. Àwọn BMS kan máa ń ṣírò ìlera sẹ́ẹ̀lì nípa pípín fóltéèjì tó já sílẹ̀ fún kọ́rẹ́ǹtì tó fà á. Mílífóòtì 510 fún ámpìà 85 jẹ́ mílì-ohm mẹ́fà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀kan. Bí fóltéèjì bá gba inú asẹ́ tó falẹ̀, tí kọ́rẹ́ǹtì sì gba ọ̀nà tó yára, mílífóòtì 138 tí ìlà tó ń dán náà fi hàn lẹ ó pín fún 85, ẹ ó sì rí 1.6. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì tó le koko. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì ń gba asẹ́ kan náà kọjá, wọ́n sì ń kà wọ́n ní àkókò kan náà. Ó lu tábìlì nígbà tó ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ iṣẹ́. Lójú tèmi, òfin yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀; bí asẹ́ bá tilẹ̀ fún jù, tó bá fún dọ́gba lápá méjèèjì, ìṣirò yẹn ṣì lè jẹ́ òótọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbé e jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rudolf Kálmán, tí wọ́n bí ní Budapest, gbé asẹ́ kan jáde ní ọdún 1960 tí kì í kàn ń pín òǹkà dọ́gba: ó ní àwòrán nǹkan náà lọ́kàn, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ kí òǹkà jẹ́, á wá fi òǹkà tó dé tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, á sì mọ bó ṣe yẹ kó gba èwo gbọ́ tó. Ní 2004, Gregory Plett ní Amẹ́ríkà kọ bí wọ́n ṣe lè lò ó láti mọ iye tó kù nínú bátìrì ọkọ̀. Fún LFP tí ìlà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, irú ọgbọ́n báyìí wúlò gan-an, nítorí pé fóltéèjì nìkan ò tó gbọ́kàn lé. Àǹtí ń kọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ó ní òun ò ní fi sí kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi mọ̀ pé òǹkà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wáyà jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí, Bàbá ló gba iṣẹ́ ṣe. Wọ́n fa ámpìà 20 lára bátìrì. Ó fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí sẹ́ẹ̀lì kọkànlá gan-an, lórí irin tirẹ̀: ó já pẹ̀lú mílífóòtì 20, bíi ti àwọn tó kù. Ó wá gbé ẹnu kan kúrò lórí irin sẹ́ẹ̀lì sórí bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n dì mọ́ ọn, níbi tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Mílífóòtì 100 sá wọlé. Sẹ́ẹ̀lì náà ò ṣàìsàn; ojú ibi tí wọ́n ti dì í ló ti dípẹtà. Mílì-ohm márùn-ún nínú mẹ́fà tí Àǹtí ṣírò, abẹ́ bóòtù kan ṣoṣo ló wà. Mo ṣe ìṣirò ooru rẹ̀ níbẹ̀: ámpìà 85 gba inú mílì-ohm márùn-ún, wọ́ọ̀tì 36, lórí ohun tí kò tó owó ẹyọ. Bàbá yọ bàbà náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi hàn wá: òrùka dúdú kan ti jóná yí ihò bóòtù ká, ike tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ń rọ̀.

Awakọ̀ náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wá wò ó. Ó ní, “Ṣé ibi kékeré yìí ni, Bàbá?” Bàbá ní ibẹ̀ ni. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa rà. Wọ́n fi yanrìn pépà nu ojú méjèèjì títí wọ́n fi tàn, wọ́n pààrọ̀ bàbà àti bóòtù, wọ́n sì fi sípánà tó ń ka agbára dì í.

Ọkọ̀ Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti sọ bátìrì rẹ̀ kalẹ̀. Mọ́júlù 48 ló wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so ní méjì méjì débi pé ibi 96 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ka fóltéèjì rẹ̀. Ìṣòro kan náà ló wà níbẹ̀, kìkì pé ó pọ̀ sí i, fóltéèjì rẹ̀ sì lè pa èèyàn. Àwọn tó ni ẹ̀rọ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lè rí gbogbo òǹkà 96 náà lórí fóònù wọn. Fún kẹ̀kẹ́ tí a gùn lọ sí Mápó, BMS rẹ̀ kò ní ihò kankan tí rewáyà lè fi wáyà sí láti gbọ́ òǹkà tí wọn ò tíì sẹ́. Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀dù Àǹtí, kò sẹ́ni tí yóò rí 2.77 yẹn.

Àǹtí ti kọ ohun tó fẹ́ kí àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ wọlé máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe BMS, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì. Kí òǹkà tí wọ́n fi ń gé iná yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ya dáṣíbọ́ọ̀dù, kí àkọ́kọ́ yára, kí ìkejì fara balẹ̀. Kí fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì jọ gba asẹ́ kan náà. Kí wọ́n kọ bí asẹ́ náà ṣe falẹ̀ tó sínú ìwé tó bá a wá. Bí ó bá gé iná, kó tọ́jú òǹkà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó ṣáájú, láìsẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì tó fà á. Ó ní èyí tó kẹ́yìn yìí ò ní ná wọn ju àyè kékeré nínú ìrántí ṣíìpù tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ lọ: sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá, báìtì méjì fún òǹkà kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32,000 báìtì. Fọ́tò kan lórí fóònù awakọ̀ yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.